Ewúro, Ejìnrìn àti Ṣúgà Inú Ẹ̀jẹ̀: Ohun Tí Mo Kọ́ ní Ìràwọ̀

Àwọn kan nínú yín bi mí pé kí ló dé tí mi ò fi tètè padà sí kíláàsì láti Òkè-Ògùn nígbà tí wọlé tún bẹ̀rẹ̀. Ìdáhùn mi ni ẹ fẹ́ kà yìí. Ọ̀rọ̀ àgbo ni, ọ̀rọ̀ oògùn òyìnbó sì ni pẹ̀lú.

Ìyá bàbá mi ń gbé ní Ìràwọ̀, ní ìjọba ìbílẹ̀ ATISBO, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Ìséyìn lọ sí Ṣakí rí á mọ bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí: ọ̀dàn gbalasa, igi ẹ̀mí, igi igbá tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe irú, oko iṣu, oko àgbàdo àti oko ẹ̀gẹ́. Ìyá Àgbà ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Ọdún kẹta rèé tí ilé ìwòsàn kan ti sọ fún wọn pé wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà. Oògùn méjì ni wọ́n kọ fún wọn: metformin àti glibenclamide. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà kì í ṣe ẹni tó gba oògùn oníhóró gbọ́ tán. "Ewé ni wọ́n fi tọ́ wa dàgbà," ni wọ́n máa ń wí.

Ní ọjọ́ ọjà kan, wọ́n ra àgbo ìtọ̀ ṣúgà lọ́wọ́ alágbo: ewúro, ejìnrìn àti ewé igi kan tí alágbo náà kò dárúkọ, tí ó rẹ gbogbo rẹ̀ sínú omi ògì. Ife kan láàárọ̀, ife kan lálẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, wọ́n mu àgbo, wọ́n lo oògùn ilé ìwòsàn, wọ́n wá ní inú àwọn kún, àwọn ò jẹ àmàlà mọ́.

Nǹkan bí aago mẹ́ta òru ni mo gbọ́ ohùn wọn. Òógùn ti bò wọ́n bí ẹni tí òjò pa. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Orúkọ àbúrò wọn tó ti kú tipẹ́ ni wọ́n ń pè mí. Ìyá kan nínú agboolé ní iṣẹ́ ayé ni, kí a lọ jí àwọn aládùúrà. Èmi ni mo rántí pé ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń wọn ṣúgà wà nínú àpò wọn. Mo gún wọn ní ìka. Ohun tí ẹ̀rọ náà kọ ni 41.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi nọ́ńbà yẹn sọ́kàn. Bí ṣúgà bá ti wálẹ̀ ju 70 lọ, ó ti kéré jù. Bí ó bá wálẹ̀ ju 54 lọ, ewu ńlá ti dé, nítorí ṣúgà ni ọpọlọ fi ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ṣì lè gbé nǹkan mì, nítorí náà mo po ṣúgà oníhóró mẹ́rin mọ́ omi, mo fún wọn mu. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mo tún wọ̀n ọ́n: 66. Mo tún fún wọn mu. Nígbà tí ó kọjá 90, wọ́n dá mi mọ̀, wọ́n jẹ ẹ̀kọ pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín. Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ ni a gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ṣakí. Wọ́n dá wọn dúró níbẹ̀ nítorí pé glibenclamide máa ń pẹ́ lára àgbàlagbà, ṣúgà sì tún lè já wálẹ̀ lẹ́yìn wákàtí mélòó kan.

Lórí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ti bi mí ní ìbéèrè kan: "Àṣàkẹ́, ṣé ewúro ti wá ń pa èèyàn ni?"

N kò mọ ohun tí mo lè sọ lọ́jọ́ náà. Mo ti kàwé díẹ̀ láti ìgbà yẹn, mo sì ti bi àwọn tó mọ̀ ọ́n. Àlàyé tí ǹ bá ṣe fún wọn nìyí.

Kí ni ìtọ̀ ṣúgà gan-an?

Orúkọ kejì tí a ń pè é ni àtọ̀gbẹ. Ẹ tú orúkọ náà wò, ẹ ó rí i pé àmì àìsàn ló wà nínú rẹ̀: ẹni tó ń tọ̀, tí ara rẹ̀ sì ń gbẹ. Àwọn àgbà tún máa ń wò ó bóyá èèrà ń ṣùrù bo ibi tí aláìsàn tọ̀ sí. Kò sí ẹ̀rọ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ojú wọn ríran.

Oúnjẹ tí a jẹ máa ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Ara nílò rẹ̀, ṣùgbọ́n ṣúgà kò lè wọ inú ẹran ara fúnra rẹ̀. Ẹ rò ó bí ìlú olódi ayé àtijọ́. Ẹrù ti dé ẹ̀yìn odi, àfi kí oníbodè ṣílẹ̀kùn. Ínsúlínì ni oníbodè yìí, ẹ̀yà ara kan tó wà lẹ́yìn àpòlúkù sì ni ó ń ṣe é. Oríṣi àtọ̀gbẹ méjì ló wọ́pọ̀. Nínú ti àkọ́kọ́, tó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti èwe, kò sí oníbodè rárá tàbí kó ṣẹ́ku díẹ̀. Ewé kankan kò lè rọ́pò ínsúlínì fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ọdún 1922 ni wọ́n kọ́kọ́ fún ọmọkùnrin ọmọ ọdún 14 kan ní ìlú Toronto ní abẹ́rẹ́ ínsúlínì. Kó tó di ìgbà náà, ikú ni òpin àìsàn yìí fún ọmọdé.

Oríṣi kejì ni ti Ìyá Àgbà, òun ló sì pọ̀ jù. Oníbodè wà, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ti le, kò tètè ṣí mọ́. Ọ̀rá tó pọ̀ lápọ̀jù, pàápàá èyí tó sá pamọ́ sí ikùn àti ẹ̀dọ̀, wà lára ohun tó ń mú ilẹ̀kùn le. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ìsanra jọ̀kọ̀tọ̀ àti ọ̀rọ̀ àtọ̀gbẹ fi máa ń rìn pọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó tín-ín-rín náà lè ní in.

Bí èèyàn kò bá tíì jẹun láti òru, tí ṣúgà rẹ̀ kò tó 100, ara rẹ̀ le. Bí ó bá jẹ́ 126 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n sì tún un wò tí kò yí padà, àtọ̀gbẹ ni. Àyẹ̀wò mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní HbA1c, tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láti oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn. 6.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni ààlà tirẹ̀. Ní 2018, àwọn oníṣègùn kan kó àbájáde ìwádìí káàkiri Nàìjíríà jọ, wọ́n sì rí i pé ó tó 5.77 nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà wa tó ní in. Ẹ wo yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ńlá kan tí òbí 100 jókòó sí, ó ṣeé ṣe kí ẹni mẹ́fà nínú wọn ní in.

Ewé wa ńkọ́?

Ẹni tó bá sọ pé kò sí nǹkan kan nínú ewé wa kò mọ ohun tó ń sọ. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ìmọ̀ tí a ní lórí wọn kò dọ́gba.

*Ejìnrìn.* Nínú gbogbo ewé tí mo fẹ́ dárúkọ, òun ni wọ́n ti dán wò lára èèyàn jù. Ní 2011, àwọn olùwádìí ní Thailand fún àwọn kan ní ejìnrìn gbígbẹ, wọ́n sì fún àwọn mìíràn ní metformin fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ejìnrìn ìwọ̀n gíráàmù méjì lóòjọ́ mú ṣúgà wálẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó ti metformin. Nígbà tí àwọn mìíràn kó irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ mẹ́rin jọ ní 2012, wọ́n ní ẹ̀rí kò tíì tó láti sọ pé kí aláìsàn gbára lé e. Agbára wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó ohun tí èèyàn lè torí rẹ̀ ju oògùn nù. Aláboyún kò sì gbọdọ̀ mu ún.

*Ewúro.* Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwádìí ní ilé ẹ̀kọ́ gíga wa ni wọ́n ti fún àwọn eku tó ní àtọ̀gbẹ ní omi ewúro, tí ṣúgà wọn sì wálẹ̀. Ìròyìn ayọ̀ ni. Ṣùgbọ́n kẹ́míkà ni wọ́n sábà máa ń fi ba ibi tí ínsúlínì ti ń wá jẹ́ lára eku wọ̀nyẹn, èyí kò sì jọ bí àìsàn náà ṣe ń wọlé sí Ìyá Àgbà lára. Ìwádìí lára èèyàn kò pọ̀.

*Ìrà.* Igi ọ̀dàn ni, ó pọ̀ ní Òkè-Ògùn. Ewé rẹ̀ ni àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ní Nàìjíríà àti Togo ń lò fún ìtọ̀ ṣúgà, Maurice Iwu sì wà lára àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò ní ilé ìṣàyẹ̀wò ní àwọn ọdún 1980. Nígbà tí mo padà lọ bá alágbo lọ́jà, tí mo bẹ̀ ẹ́ kó sọ orúkọ ewé kẹta fún mi, ìrà ló dárúkọ.

*Asofẹ́yẹjẹ.* Igi tó so fún ẹyẹ jẹ! Ní 2011, àwọn olùwádìí kan ní Denmark ròyìn pé àwọn fi ewé rẹ̀ àti èso ọsàn kíkan ṣe tíì, gẹ́gẹ́ bí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ Nàìjíríà kan ti ń ṣe é, àwọn sì fún àwọn aláìsàn àtọ̀gbẹ mu. Ó ṣiṣẹ́ dé ìwọ̀n kan, ṣùgbọ́n àwọn tó mu ún kò tó ọgbọ̀n. Ẹ má tìtorí èyí lọ já a sè nílé o. Igi yìí kan náà ni àwọn oníṣègùn Yorùbá fi ń wo wèrè, èyí tí Raymond Prince kọ̀wé lé lórí ní 1960. Ohun tó wà nínú rẹ̀ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ríru já wálẹ̀, ó sì lè kun èèyàn lóorun. Eré kọ́.

Àwa tí a ń kọ́ èdè Yorùbá mọ ìwé *Ewé* tí Pierre Verger tẹ̀ jáde ní 1995. Ohun tí ìwé náà fi hàn ni pé oníṣègùn wa kì í kàn já ewé. Ó mọ orúkọ rẹ̀, ó mọ ohun tí a ń pè sí i, ó mọ ewé tí a ń pò mọ́ ọn. Oníṣègùn bẹ́ẹ̀ mọ aláìsàn rẹ̀ pẹ̀lú, ó mọ ilé tó ti wá. Alágbo inú ọjà tó ń ta ife fún gbogbo ẹni tó ń kọjá kò ní àyè yẹn.

Ewé ló bí metformin

Ohun kan yà mí lẹ́nu jù lọ. Oògùn òyìnbó tí Ìyá Àgbà ń fojú tín-ín-rín, inú ewé ló ti wá. Ewéko kan wà ní Yúróòpù, Galega officinalis, tí àwọn ará ibẹ̀ ti ń lò tipẹ́tipẹ́. Ní 1918, wọ́n rí i pé kẹ́míkà kan tó bá ohun inú ewé náà tan ń mú ṣúgà ehoro wálẹ̀. Àmọ́ májèlé ló jẹ́, kò ṣeé fún èèyàn. Emil Werner àti James Bell ṣe ìbátan rẹ̀ tí a ń pè ní metformin ní Dublin ní 1922. Kò tó 1957 tí Jean Sterne fi fún àwọn aláìsàn ní ilẹ̀ Faransé. Amẹ́ríkà kò fọwọ́ sí i títí di 1994.

Èkejì ni ti èèpo igi ápù. Ní 1835, àwọn onímọ̀ kẹ́míkà yọ nǹkan kan jáde lára rẹ̀ tí wọ́n pè ní phlorizin. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń mú kí kíndìnrín da ṣúgà pọ̀ mọ́ ìtọ̀. Ẹ gbọ́ o: oògùn tó ń wo ìtọ̀ ṣúgà nípa mímú kí aláìsàn máa tọ ṣúgà! Phlorizin fúnra rẹ̀ kò ṣeé lò torí pé ó ń da inú rú, ṣùgbọ́n wọ́n tún un ṣe títí tó fi di irú oògùn bíi dapagliflozin, tó dé ọjà ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn.

Kí ni ìyàtọ̀ láàárín Galega inú igbó àti metformin inú páálí? Ìwọ̀n ni. Wọ́n ti yọ májèlé kúrò, wọ́n mọ iye tó wà nínú hóró kan, wọ́n sì mọ ohun tí kò yẹ kí a pò mọ́ ọn. Àgbo kò rí bẹ́ẹ̀. Ewúro ìgbà òjò kò rí bíi ti ọ̀gbẹlẹ̀, ife alágbo kan kò sì dọ́gba pẹ̀lú ti èkejì.

Kí ló wá ṣe Ìyá Àgbà?

Dókítà tó tọ́jú wọn ṣàlàyé fún mi pé glibenclamide máa ń fi agbára mú ara tú ínsúlínì jáde, yálà èèyàn jẹun tàbí kò jẹun. Ìdí nìyí tí kò fi dára kí àgbàlagbà máa lò ó, kí ó sì sùn lébi. Àgbo mẹ́ta tó ṣeé ṣe kó máa mú ṣúgà wálẹ̀ tún gorí rẹ̀. N kò lè fi ìka kan tọ́ka sí ewúro, ejìnrìn tàbí ìrà. Àpapọ̀ ni, ebi alẹ́ sì wà nínú rẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ilé ìwòsàn tó kọ oògùn náà fún wọn kò bi wọ́n léèrè rí bóyá wọ́n ń mu àgbo. Mo bi Ìyá Àgbà pé kí ló dé tí wọn kò fi sọ. Wọ́n ní, "Wọn ò bi mí. Bí mo bá sì sọ, wọ́n á bú mi." Alágbo náà kò bi wọ́n bóyá wọ́n ń lo oògùn. Oníṣègùn méjì ń wo èèyàn kan, kò sì sí èyí tó mọ̀ nípa èkejì.

Ewu kan tún wà. Àwọn oníwàìbàjẹ́ máa ń lọ glibenclamide mọ́ ohun tí wọ́n pè ní ewé lásán. Ní Singapore ní 2008, ó lé ní ọgọ́rùn-ún èèyàn tí ṣúgà wọn já wálẹ̀ nítorí irú ayédèrú oògùn bẹ́ẹ̀, mẹ́rin sì kú. Nítorí náà, bí ẹ bá ra àgbo inú ìgò, ẹ wo ara rẹ̀ dáadáa. Bí lẹ́tà L bá parí nọ́ńbà NAFDAC rẹ̀, wọ́n kàn kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Gbólóhùn kan sì máa ń wà níbẹ̀ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní ó ń ṣe wò.

Àgbo tó ń mú ikùn wálẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tí ẹ ń ra tíì amúkùn-wálẹ̀ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, ọ̀rọ̀ yín rèé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ewé senna, tó jẹ́ ìbátan asùnwọ̀n. Ìgbẹ́ ló ń mú èèyàn yà. Bí òṣùwọ̀n bá wálẹ̀, omi àti ìgbẹ́ ló lọ, ọ̀rá wà níbẹ̀. Bí ó bá pẹ́, iyọ̀ ara tí ọkàn fi ń lù á dínkù. Sibutramine tí wọ́n kó kúrò lọ́jà ní 2010 nítorí àìsàn ọkàn náà ṣì ń fara hàn nínú àwọn oògùn tí wọ́n ní ewé ni.

Àpọ̀n tí a fi ń se ọbẹ̀ ní ìtàn tirẹ̀. Àwọn olùwádìí ní Cameroon ròyìn ní 2005 àti 2009 pé ó dín ìsanra kù. Ìwádìí náà kò tíì lágbára tó láti fi ṣẹ̀rí, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ àpọ̀n kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi, bí òkèlè kò bá ti pọ̀ jù.

Ìwádìí tó lágbára jù lórí ọ̀rọ̀ yìí kò ní ewé nínú. Ní 2002, wọ́n ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èèyàn 3,234 ní Amẹ́ríkà tí àtọ̀gbẹ ti fẹ́ mú. Àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n máa rìn fún 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, kí wọ́n sì dín ìwọ̀n ara wọn kù ní 7 nínú ọgọ́rùn-ún, ewu wọn fi 58 nínú ọgọ́rùn-ún dínkù. Ti àwọn tó lo metformin fi 31 dínkù. Ẹsẹ̀ borí oògùn.

Ní ti oúnjẹ, ìwọ̀n òkèlè ló ṣe pàtàkì. Ìyá Àgbà gbọ́ pé wíìtì kò ní ṣúgà, wọ́n wá ń jẹ òkìtì rẹ̀. Wíìtì náà ń di ṣúgà. Òkèlè tó tó ìkúùkù kan, ewédú tàbí ọbẹ̀ oṣè tó kún abọ́, ẹ̀wà, ẹja, ó tán.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbé lọ sílé

1. Ẹ bi àwọn òbí yín bóyá wọ́n ń mu àgbo, ẹ má bú wọn. Ẹni tí a bú kò ní sọ òtítọ́ lẹ́ẹ̀kejì.
2. Ẹ sọ orúkọ àgbo fún dókítà, ẹ sọ orúkọ oògùn fún alágbo.
3. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá oògùn dúró fúnra rẹ̀ nítorí ewé. Ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì kò gbọdọ̀ dán an wò rárá.
4. Òógùn, gbígbọ̀n ọwọ́, ọ̀rọ̀ àsọdà lára ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ: ẹ kọ́kọ́ wọn ṣúgà. Bí ẹ̀rọ kò bá sí, ẹ fún un ní ṣúgà bí ó bá lè gbé e mì. Bí ó bá ti dákú, ẹ má da nǹkan sí i lẹ́nu. Ilé ìwòsàn ló kàn. Àdúrà lè tẹ̀ lé e.

Wọ́n ti yọ glibenclamide kúrò nínú oògùn Ìyá Àgbà, metformin ló kù. Alágbo ọjà Ìràwọ̀ sọ fún mi pé òun ti ń bi àwọn oníbàárà òun léèrè báyìí kí òun tó bu ife fún wọn. Ìyá Àgbà kò fi ewúro sílẹ̀ o. Inú ọbẹ̀ ló wà, wọ́n fọ̀ ọ́ dáadáa, wọ́n sì fi irú sí i. Nígbà tí mo ń bọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́, wọ́n dì í fún mi nínú ọ̀rá.

Mo dá wọn lóhùn ìbéèrè wọn kí ọkọ̀ tó gbéra: "Rárá o, Ìyá Àgbà, ewúro kì í pa èèyàn. Kí a máa fi pamọ́ fún dókítà ni kò dáa." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n lọ kàwé mi.